Kí Ẹ Tó Bú Ẹgbẹ́ Yín: Bí Mo Ṣe Ń Wọn Pàṣípààrọ̀ àti Àdéhùn Agbábọ́ọ̀lù

Corbin Burnes ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìyàn orí rẹ̀ kò tíì tán láàárín àwa olólùfẹ́ ẹgbẹ́ béésíbọ́ọ̀lù Baltimore Orioles títí dòní. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2024, ẹgbẹ́ wa gbà á lọ́wọ́ Milwaukee Brewers. Ajubọ́ọ̀lù tó ti gba Cy Young, àmì-ẹ̀yẹ ajubọ́ọ̀lù tó dára jù lọ́dún, ní 2021 ni. Ohun tí a fi gbà á ni Joey Ortiz, DL Hall, àti ipò kan nínú draft, ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ní títò. Nígbà tí ọdún parí, Burnes kẹ́rù rẹ̀, ó gba Arizona lọ pẹ̀lú àdéhùn ọdún 6 tó jẹ́ mílíọ̀nù 210 dọ́là. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní wọ́n lù wá ní jìbìtì. Èmi ní rárá o, ohun tí a rà náà ni a jẹ. A ò tíì fẹnu kò. Ṣùgbọ́n ìyàn yẹn ló jẹ́ kí n jókòó, kí n to ọ̀nà tí mo ń gbà wọn irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Òun ni mo fẹ́ kọ síbí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ràn béésíbọ́ọ̀lù, àti fún ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí gbogbo ìjíròrò rẹ̀ ń já sí ariwo.

Ẹ ka ọdún kí ẹ tó ka orúkọ

Tí ìròyìn bá jáde pé ẹgbẹ́ yín gba lágbájá, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ wá ni iye ọdún tó kù tí ẹgbẹ́ fi ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ń tà fún ara wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kò tíì mọ ọjà tí wọ́n ná.

Báyìí ni òfin líìgì ńlá Amẹ́ríkà ṣe rí. Agbábọ́ọ̀lù tó bá wọ líìgì ńlá wà lábẹ́ àṣẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi ní ọdún 6 iṣẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ 172 ni wọ́n kà sí ọdún kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sáà eré máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 187. Láàárín ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ ló ń sọ iye tí yóò san fún un, kò kàn gbọdọ̀ dín sí owó tó kéré jù lọ tí òfin gbà, èyí tó jẹ́ 760,000 dọ́là ní 2025 àti 780,000 ní 2026. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó lè gbé owó rẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ onílàjà: ẹgbẹ́ á mú iye kan wá, òun náà á mú tirẹ̀ wá, ìgbìmọ̀ á mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Wọn kì í pín in sí àárín. (Àwọn díẹ̀ wà tí wọ́n máa ń débẹ̀ kí ọdún mẹ́ta tó pé.) Tí ọdún 6 bá pé, ó di òmìnira, ó lè lọ síbi tó bá wù ú.

Ó yá, ẹ padà sórí Burnes. Ọdún kan péré ló kù fún un. Ortiz àti Hall ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ọdún owó táṣẹ́rẹ́ ló wà níwájú wọn. Bí ẹ bá béèrè pé ta ló dára jù nínú wọn, ẹ ti sọnù, nítorí Burnes ló dára jù, kò sẹ́ni tó ń jà á níyàn. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: ṣé ẹgbẹ́ tó wà ní ipò tí Orioles wà nígbà náà nílò ọdún kan Burnes ju ọ̀pọ̀ ọdún àwọn méjì yẹn lọ?

Tèmi ni pé ó nílò rẹ̀. A ti borí nínú eré 101 ní 2023, Texas Rangers sì gbá wa dànù ní eré mẹ́ta gbáko. Ajubọ́ọ̀lù tó lè dúró níwájú ẹgbẹ́ alágbára ni a ò ní. Burnes dé, ó borí nínú eré 15, ó pàdánù 9. Nínú eré àkọ́kọ́ tí a bá Kansas City Royals ṣe nínú ìdíje àṣekágbá ọdún náà, ó jù títí wọ inú ìpele kẹsàn-án, ẹyọ ẹnì kan péré ló wọlé lórí rẹ̀. Àwa kò rí ẹyọ kan. 1 sí 0. Ẹni tó bá ń wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi fún alẹ́ ọjọ́ yẹn, kó wo àwọn tó di igi mú.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Tí agbábọ́ọ̀lù bá fẹ́ di òmìnira, ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi owó ọdún kan tí líìgì ti sọ iye rẹ̀ lọ̀ ọ́. Bí ó bá kọ̀ ọ́, tó sì lọ síbòmíràn, ẹgbẹ́ náà máa ń gba ipò kan nínú draft. Orioles ṣe bẹ́ẹ̀ fún Burnes, wọ́n sì gba ipò wọn. Ẹ máa fi í sínú ìṣírò.

Ẹ wo bí ọdún ṣe ń sọ iye ọjà lára Juan Soto, ní Washington tí kò jìnnà sí wa. Ní oṣù Kẹjọ 2022, ó ku ọdún méjì àti ìyókù ìdíje ọdún yẹn kó di òmìnira. Padres kó àwọn ọmọ bí CJ Abrams, MacKenzie Gore àti James Wood sílẹ̀ fún un, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti di All-Star (ẹni tí wọ́n yàn sínú eré àwọn ìràwọ̀ líìgì) lẹ́yìn náà. Ní oṣù Kejìlá 2023, ọdún kan péré ló kù fún Soto yìí kan náà. Yankees gbà á, kò sì sí irú Wood kan lára àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀. Soto kò ṣe aburú kankan láàárín àkókò yẹn. Ọdún ló dín.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀

Mo ní ìwé kan tí mo fa ìlà sí láàárín. Ní apá òsì, mo máa ń kọ ohun tí mo rò nípa pàṣípààrọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú déètì. Apá ọ̀tún á ṣófo títí ọdún méjì tàbí mẹ́ta yóò fi kọjá. N kì í pa ohun tí mo kọ sí apá òsì rẹ́. Ẹ bá mi ṣe irú rẹ̀, ẹ óò rí i bí ọkàn wa ṣe ń yára sọ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Burnes tún jẹ́ àpẹẹrẹ. Ní oṣù Kẹfà 2025, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìgbọ̀nwọ́ fún un ní ọdún àkọ́kọ́ àdéhùn rẹ̀ ní Arizona. Àwọn tó ní Orioles ṣe dáadáa bí wọ́n ṣe jẹ́ kó lọ wá ń yọ̀. N kò bá wọn yọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ ènìyàn ni. Èkejì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ní ọjọ́ tó tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ lè sọ pé ajubọ́ọ̀lù tó ti ju bọ́ọ̀lù púpọ̀ máa ń léwu láti fún ní ọdún 6. Ìyẹn jẹ́ àlàyé tó ti wà lọ́jọ́ náà, ó tọ́ sí apá òsì. Iṣẹ́ abẹ wà ní apá ọ̀tún.

Èyí tó dùn wá jù ní Baltimore ni ti Jake Arrieta. Ní oṣù Keje 2013, Orioles fi òun àti Pedro Strop gba Scott Feldman àti Steve Clevenger lọ́wọ́ Chicago Cubs. Ní 2015, Arrieta borí nínú eré 22, ó gba Cy Young. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀, torí pé wọ́n ń lu Arrieta bí ẹní ń lu bẹ̀ǹbẹ́ lọ́dọ̀ wa ní ọdún náà. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó lè sọ pé yóò gba Cy Young. Síbẹ̀ ẹ ka ọdún: oṣù díẹ̀ ló kù fún Feldman, Arrieta ṣì wà lábẹ́ àṣẹ títí di òpin 2017. A fi ọdún mẹ́rin gba oṣù mẹ́ta, fún ẹgbẹ́ tí kò sì dé ìdíje àṣekágbá ní ọdún náà. Èyí burú ní apá òsì, ó tún burú ní apá ọ̀tún.

Pàṣípààrọ̀ tún wà tó dára fún àwọn méjèèjì, ìyẹn sì ni àwọn tó ń jiyàn kì í fẹ́ gbà. Ní oṣù Kẹjọ 1987, Detroit Tigers fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Smoltz gba Doyle Alexander lọ́wọ́ Atlanta. Smoltz wọ ilé àwọn olókìkí béésíbọ́ọ̀lù ní 2015, nítorí náà gbogbo ènìyàn ń fi Detroit ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ Alexander borí nínú eré 9 fún wọn láì pàdánù ẹyọ kan, Tigers sì gba ipò kìíní ní ẹ̀ka wọn. Ohun tí wọ́n wá lọ sọ́jà ni wọ́n rà bọ̀. Bí mo bá jẹ́ ará Detroit ní ọdún yẹn, n kò ní bínú.

Àwa náà ti jẹ irú èrè bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù Kejì 2008, Erik Bedard lọ sí Seattle. Ọdún méjì ló kù fún un. Ènìyàn márùn-ún ni wọ́n fún wa, Adam Jones, Chris Tillman àti George Sherrill wà lára wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì di All-Star ní aṣọ Orioles. Mo ṣì máa ń ka orúkọ wọn fún ẹni tó bá sọ pé kí a má ta ajubọ́ọ̀lù gidi láéláé.

Owó: ẹ tú u palẹ̀ kí ẹ tó pariwo

Àpapọ̀ owó tí wọ́n ń gbé jáde kì í sọ púpọ̀. Ohun mẹ́rin ni mo máa ń wò: ọjọ́ orí agbábọ́ọ̀lù ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin àdéhùn, iye tó bọ́ sí ọdún kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí wọn yóò san owó náà ní tòótọ́, àti ẹni tó lè já àdéhùn náà kó tó parí.

Shohei Ohtani tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún 10, mílíọ̀nù 700 dọ́là, pẹ̀lú Dodgers ní oṣù Kejìlá 2023. Gbogbo ayé pariwo. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 2 ni yóò máa gbà lọ́dọọdún ní gbogbo ọdún 10 tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Mílíọ̀nù 680 tó kù, láti 2034 sí 2043 ni wọn yóò san án, láì sí èlé. Nítorí pé owó ọ̀la kò tó owó òní, nǹkan bí mílíọ̀nù 46 lọ́dún ni líìgì kà á sí nínú ìṣirò owó orí. Ẹ fi wé ti Soto pẹ̀lú Mets ní oṣù Kejìlá 2024: ọdún 15, mílíọ̀nù 765, kò sí èyí tí wọ́n sún síwájú, mílíọ̀nù 51 lọ́dún. Iye méjèèjì fẹ́ jọra létí, wọ́n sì jìnnà síra wọn nínú àpò.

Owó orí tí mo mẹ́nu bà yìí, ẹgbẹ́ tí àpapọ̀ owó agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ bá kọjá ìlà kan ló ń san án. Mílíọ̀nù 241 ni ìlà náà ní 2025, ó di 244 ní 2026. Ẹni tó bá kọjá lẹ́ẹ̀kíní yóò san ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí èyí tó fi lé, ó di 30 bí ó bá tún kọjá ní ọdún kejì, 50 ní ọdún kẹta. Iye ọdọọdún tí wọ́n fi ọdún pín ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ohun tó wọ ọwọ́ agbábọ́ọ̀lù lọ́dún náà. Bí ẹgbẹ́ yín bá jìnnà sí ìlà náà bíi ti Orioles ní 2025, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó orí dá yín lẹ́kun.

Ní Baltimore, a kì í sọ̀rọ̀ owó kí orúkọ Chris Davis má jáde. Ní oṣù Kìíní 2016, wọ́n fún un ní ọdún 7, mílíọ̀nù 161. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni yóò jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, 36 ní òpin, agbára apá sì ni gbogbo eré rẹ̀ dúró lé. Lára owó náà, wọ́n sún mílíọ̀nù 42 síwájú, a ṣì ń san án títí di 2037, bẹ́ẹ̀ ó ti fẹ̀yìn tì láti 2021. Láàárín 2018 sí 2019, ó di igi mú nígbà 54 léra láì lu bọ́ọ̀lù kan tó dáa. Owó inú àdéhùn béésíbọ́ọ̀lù dájú, ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ ò lè sọ pé o kò ṣe dáadáa, a ò san mọ́. Nítorí náà, ọjọ́ orí ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wò báyìí, kí n tó wo iye.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí: ẹ má fi ara yín ṣe akápò fún olówó. Nígbà tí ẹgbẹ́ David Rubenstein gba Orioles lọ́wọ́ ìdílé Angelos ní 2024, owó tó lé ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là ni wọ́n san. Ohun tó kàn wá ni bóyá owó tí wọ́n fún ẹnì kan yóò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ lẹ́rán nígbà tó bá yẹ kí wọ́n ra ẹlòmíràn. Bí kò bá ní dí wọn lọ́wọ́, kí ló kàn mí pẹ̀lú iye tó jáde nínú àpò wọn?

Àwọn ìròyìn kéékèèké

Ènìyàn 26 ló ń gbá bọ́ọ̀lù, 40 ló wà lórí àkójọ tí wọ́n dáàbò bò. Ẹni tó bá wà lórí àkójọ yẹn ní ọdún mẹ́ta tí ẹgbẹ́ fi lè máa gbé e lọ gbé e bọ̀ láàárín líìgì ńlá àti líìgì kékeré. Option ni wọ́n ń pè é. Tí ọdún mẹ́ta náà bá ti tán, ẹgbẹ́ kò lè dá a padà sí ìsàlẹ̀ láì kọ́kọ́ fi í síta kí ẹgbẹ́ mìíràn lè gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí i pé wọ́n dá ẹni tó ń ṣe dáadáa padà, tí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tí kò ṣe tó o dúró. Ẹ wo option kí ẹ tó bú kóòṣì.

Ó sì dára kí ẹ má ka ìdápadà sí ìdájọ́ ikú. Jackson Holliday, ẹni àkọ́kọ́ nínú draft 2022, wọlé ní oṣù Kẹrin 2024, méjì péré ló lù dáadáa nínú ìgbà 34 tó di igi mú. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti dá a padà sí Norfolk, ẹgbẹ́ líìgì kékeré wọn. Ọjọ́ tó padà dé ní ìparí oṣù Keje, ó lu home run (bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ògiri pápá) tó kó ènìyàn mẹ́rin wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Anthony Santander ní tirẹ̀ wá láti inú Rule 5, ètò tí ẹgbẹ́ fi lè mú ọmọ líìgì kékeré tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dáàbò bò. Cleveland kò fi í sórí àkójọ 40 wọn, Orioles sì mú un ní oṣù Kejìlá 2016, ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ kì í tilẹ̀ ka ìròyìn rẹ̀. Home run 44 ló lù ní 2024.

Ọmọ olọ́mọ ni

Dave McNally ju bọ́ọ̀lù fún Orioles láti 1962 sí 1974. Òun àti Andy Messersmith ni wọ́n gbé ẹjọ́ lọ síwájú onílàjà Peter Seitz, ẹni tó dájọ́ ní oṣù Kejìlá 1975 pé ẹgbẹ́ kò lè máa fi àdéhùn tó ti parí de ènìyàn títí ayé. Kó tó di ìgbà náà, Curt Flood ti kọ̀ láti lọ sí Philadelphia nígbà tí St. Louis fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ní 1969. Ó gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ó sì pàdánù ẹjọ́ náà ní 1972. Ọdún 6 tí mo ní kí ẹ máa kà yìí, ìjà àwọn wọ̀nyí wà lábẹ́ rẹ̀.

Agbábọ́ọ̀lù tó bá ti lo ọdún 10 ní líìgì ńlá, tí 5 tó kẹ́yìn sì jẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, lè kọ pàṣípààrọ̀. Adam Jones lò ó ní oṣù Keje 2018, ó ní òun kò lọ sí Philadelphia. Àwọn kan bínú pé kò jẹ́ kí a rí nǹkan gbà. Mo gbèjà rẹ̀ nígbà náà, n ó sì tún gbèjà rẹ̀ lónìí, nítorí pé ẹ̀tọ́ tó fi ọdún ṣiṣẹ́ fún ni. Bákan náà ni Chris Davis. Ẹ lè sọ pé àdéhùn rẹ̀ burú, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bú ẹni náà. Ní 2019, nígbà tí wọ́n ń hó lé e lórí ní Camden Yards, pápá wa, òun àti ìyàwó rẹ̀ fi mílíọ̀nù 3 dọ́là ta ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ti University of Maryland lọ́rẹ.

Kí ni ìwọ ìbá ṣe?

Ìbéèrè yìí ni mo máa ń bi ẹni tó bá ní ọ̀gá ẹgbẹ́ kò mọ iṣẹ́. Kó dárúkọ ẹni tó yẹ kí wọ́n gbà, kó dárúkọ ẹni tí yóò fi sílẹ̀, kó sì sọ ìdí tí ẹgbẹ́ kejì yóò fi gbà. Apá kẹta yìí ló máa ń pa ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ní oṣù Kejìlá 1965, Cincinnati fún wa ní Frank Robinson, wọ́n gba Milt Pappas àti àwọn méjì mìíràn. Ní 1966, Robinson lu home run 49, ó gba Triple Crown (ipò kìíní nínú ìṣirò mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn ẹni tó ń lu bọ́ọ̀lù), Orioles sì gba ife World Series àkọ́kọ́ wọn. Síbẹ̀ Cincinnati ní ìdí tiwọn: ajubọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wá, ọmọ ọdún 26 ni Pappas, wọ́n sì rò pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ti ń darúgbó. Bí ẹ kò bá lè sọ irú ìdí bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ kejì, àlá ni ẹ ń lá.

Èyí tó wà nílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi báyìí ni ti Adley Rutschman àti Gunnar Henderson. Bí wọn kò bá tọwọ́ bọ àdéhùn tuntun, Rutschman yóò di òmìnira lẹ́yìn 2027, Henderson lẹ́yìn 2028. Àdéhùn àárín líìgì àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù yóò sì parí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 2026, nítorí náà àwọn òfin tí mo kà sílẹ̀ yìí lè yí padà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n fún Henderson ní iye yòówù tó bá béèrè. Mo ní kó sọ iye ọdún, ọjọ́ orí rẹ̀ ní òpin, àti ẹni tí wọn kò ní lè rà nítorí rẹ̀. Mo ti kọ tèmi sí apá òsì: ọdún 10, kí wọ́n sì ṣe é kó tó ku ọdún kan.